Ọmọ Tó Wà ní Nọ́ọ̀sì

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìsẹ́yìn. Ohun tí èmi àti bàbá ẹ̀ fẹnu kò sí ni pé kí n ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ní Dallas níbí, tí o bá bi obìnrin mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mẹ́jọ á ní nọ́ọ̀sì lòun, àwọn méjì tó kù á ní àwọn ń kà á lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò àtiwọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi. Ọmọ ò sí nílé, ilé ẹ̀kọ́ ò sì gbà mí.

Ilé ìkàwé yunifásítì kan ni mo ti wá ríṣẹ́. Wọ́n ní àwọn àpótí tó kún fún lẹ́tà obìnrin akéwì kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti kú lóhun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ́ lẹ́tà sábẹ́ kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n yà á, kí n sì kọ ohun tó dá lé sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ìlú yìí tá a jọ ń ṣe é ò lè ka ìwé àfọwọ́kọ tí álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá so mọ́ra. Èmi lè kà á. Ẹgba ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Lọ́jọ́ kan mo kà á nínú lẹ́tà tí akéwì náà kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọmọbìnrin òun ṣì wà ní nọ́ọ̀sì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé àtìgbà yẹn náà ni? Mo kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà pé ó ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ó ń béèrè bóyá eyín ọmọ náà ti ń yọ. Nọ́ọ̀sì wo leyín ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fún?

Mo lọ bi ọ̀gá wa, ìyá òyìnbó kan tó ń múra àtifẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé láyé ìgbà náà, àwọn ìyàwó ọlọ́lá máa ń gbé ọmọ jòjòló fún obìnrin abúlé kan pé kó máa fún un lọ́mú, wọ́n á wá lọ mú un wálé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Obìnrin abúlé yẹn ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì.

"Mi ò mọ bí abiyamọ ṣe ń ṣe irú ẹ̀," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o lọ́mọ?"

"Mo ní ọ̀kan."

"Ta ló ń bá ọ mójú tó o tó o bá wà níbí?"

"Màmá mi ni."

Ó ní orí mi dára tí màmá mi fi wà nítòsí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo padà sídìí kámẹ́rà mi, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn nìkan ni mò ń wá nínú lẹ́tà. Ìyá rẹ̀ á fi ojú ìwé mẹ́rin sọ̀rọ̀ ẹni tó bú ewì òun, á fi ìlà kan béèrè ọmọ.

Èmi náà, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń pe ọmọ tèmi. Màmá mi á gbé fóònù síwájú ẹ̀, ọmọ á yíjú. Màmá mi ló ń pè ní Mọ́mì, torí ohun tí àwọn àbúrò mi ń pè é nìyẹn. Èmi ni Àǹtí Amẹ́ríkà. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé ẹ ò lè ṣàlàyé fún un ni.

"Mò ń sọ ọ́ fún un," màmá mi dáhùn. "Ìwọ náà wá sọ ọ́ kó gbọ́."

Nígbà tó yá, mo dé orí lẹ́tà tí wọ́n ti mú ọmọ akéwì náà wálé. Ó ní ọmọ náà di aṣọ nọ́ọ̀sì mú, ó ń ké bíi pé wọ́n fẹ́ pa á, kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó ní ọmọdé máa ń tètè gbàgbé. Ó wá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti tẹ ewì òun jáde. Mo wá bó ṣe parí títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, mi ò rí nǹkan kan. Mo bú u dáadáa ní Yorùbá, òkú òyìnbó. Mo mọ ẹni tí mò ń bú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo pe bàbá ọmọ mi níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Lewisville. Ó ní kí n ṣe sùúrù, kí n tún ìdánwò yẹn ṣe ná. Mo ní mi ò ṣe ìdánwò kankan mọ́, ọmọ mi ni mo fẹ́.

Oṣù márùn-ún kọjá kí físà tí màmá mi máa fi mú un wá tó jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bá wa lọ pàdé wọn ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Mo rí ọmọ mi lọ́wọ́ màmá mi; ó ku oṣù méjì kó pé ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo la apá. Kò sá, kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàsán, mà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, pé háì làwọn tá a tọ́ níbí fi ń kí ìyá wọn. Ọmọ mi dìde, ó fa ìró màmá mi.

"Mọ́mì, ṣé ilé àǹtí yìí la máa sùn?"

"Mọ́mì ẹ nìyẹn," màmá mi sọ.

Ọmọ mi wò mí, ó wo màmá mi, ó bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Nígbà tí mo nawọ́ láti gbé e, ó fà sẹ́yìn. Báàgì ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mo ṣíwájú lọ síbi tá a páàkì ọkọ̀ sí.