Òòfà Tí Mo Rí Lóko Kòkó Ajue

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Òrè. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé tó ń fi fóònù ṣe ìwọ̀n agbára òòfà ilẹ̀, èyí tó ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. A óò dúró jìnnà sí irin àti wáyà iná, a óò ka nọ́ńbà tó bá jáde lójú fóònù, a óò fi ránṣẹ́.

Ní Ajue, bàbá àlejò kan tó ń bá onílẹ̀ tọ́jú oko kòkó gbà mí láàyè. Bí mo bá ti fẹ́ wọ̀n ọ́n, á gbé àdá rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, á wá dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Sátidé kan, etí odò la ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà náà ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì.

Mo pariwo, "Bàbá, nǹkan wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí o!"

"Kí ló wà ńbẹ̀, Tíṣà?"

"Ó lè jẹ́ òkúta tó ní irin nínú."

Àwọn obìnrin tó ń fọ́ kòkó nítòsí gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, onílẹ̀ ti gbọ́ ní Òdìgbó pé tíṣà rí ohun àlùmọ́nì. Ó ní kí bàbá kó ẹrù rẹ̀ kúrò lóko náà. Mo gun ọ̀kadà lọ bẹ onílẹ̀ náà.

Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò."

Wọ́n bẹ́ igi kòkó etí odò, wọ́n gbẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n bá, amọ̀ àti omi.

Lẹ́yìn náà ni mo tó yẹ fóònù mi wò. Àpò tuntun tí mo fi bò ó lọ́jọ́ yẹn ní òòfà kékeré níbi tó ti ń pa dé. Ìlànà iṣẹ́ wa sì sọ pé ká yọ àpò ká tó wọn ohunkóhun. Mo kà á, àmọ́ mi ò yọ ọ́. Eruku ni mò ń sá fún.

Mo wá bàbá dé Araromi-Obu, níbi tó ti ń roko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Fóònù ló ṣì mí lọ́nà."

"Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ̀rọ a máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Mo mu omi lé e.