Ọjọ́ Tí Mo Kà Mọ́ Ọgbọ̀n

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń fi èédú fa ìlà, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Àbíkẹ́yìn mi ni wọ́n mú. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin tírélà ní yáàdì kan ní Àpápá. Àwọn kan fọ́ kọ̀ǹténà níbẹ̀, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ, ni ọlọ́pàá bá kó gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́, òyìnbó ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kàn rí i pé wọ́n ń mú un padà sínú mọ́tò ẹlẹ́wọ̀n ni.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba fún wa, ọmọbìnrin tí ò tíì dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Màmá, wọn ò tíì rí ẹ̀sùn gidi fi kàn án. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni adájọ́ fún wọn. Tọ́gbọ̀n bá pé, tí wọn ò mú fáìlì wá láti tọrọ ọjọ́ sí i, màá dìde, màá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá mú un wá ńkọ́?"

"Ọgbọ̀n mìíràn nìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ọlọ́pàá tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gbàgbé. Ẹ jẹ́ kó gbàgbé, Màmá. Lọ́jọ́ tó bá pé, ká pàdé níbí láago mẹ́jọ."

Nígbà tí mo lọ wo ọmọ náà lẹ́wọ̀n, ó ti ń wúkọ́, ikọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ àyà wá. "Ìyá mi, ó ku mélòó?" Mo sọ fún un. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kà á, ìyá. Èmi náà kà á títí, ìgbà tó dọdún kẹta ni mo jáwọ́." Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi.

Ìlà pé ọgbọ̀n. Mo wẹ̀, mo di ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ sínú ọ̀rá, mo gba àárín àwọn tírélà kọjá lọ sí kóòtù. Mi ò rí lọ́yà. Aago mẹ́jọ lọ, mẹ́sàn-án dé. Ni mo bá rí ọlọ́pàá tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ níjọ́sí, lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ẹni tí ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kí n máa wò ó láìkí i ni? Mo rò pé ìkíni dáadáa lè mú kó ṣàánú wa.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wẹ́dà ni mí. Mo mú aṣọ rẹ̀ wá, torí ọgbọ̀n ọjọ́ pé lónìí."

"Wẹ́dà wo? Ti kọ̀ǹténà?" Ó wo fóònù rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ ti sáré ju kàlẹ́ńdà lọ! Ọ̀la ló pé." Ẹ̀rín náà dá. "Ọ̀la kẹ̀! Háà, ẹ ṣé o, ìyá. Ọlọ́run ló rán yín sí mi." Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó sáré wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àgọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ó yé mi. Mo ti ka ọjọ́ tí adájọ́ sọ̀rọ̀ pàápàá mọ́ ọgbọ̀n. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ka ọjọ́ mẹ́jọ ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí gan-an nìyẹn: ọjọ́ tí mo bí i ni ọjọ́ kìíní. Ti kóòtù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Mo pe lọ́yà. Mo rò ó fún un. "Màmá, ẹ bá a sọ̀rọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, fáìlì wà lábẹ́ apá ọlọ́pàá náà. Òun ló kọ́kọ́ kí mi, ó tẹrí ba dáadáa. Lọ́yà dìde, ó sọ̀rọ̀ títí ó fi làágùn. Adájọ́ fún wọn ní ọgbọ̀n mìíràn. Ọmọ mi ń wúkọ́, ó ń wo ọ̀rá tó wà lórí itan mi. Mi ò tíì sọ fún un pé èmi ni mo rán ọlọ́pàá létí.

Mo délé, mo fi àkísà tútù nu ilẹ̀kùn. Mo mú èédú, mo na ọwọ́ sókè, mo sì gbé èédú náà sílẹ̀ láìfa ìlà. Ọjọ́ yẹn ò sí lára ọgbọ̀n náà.