Ẹsẹ̀ Àga Tó Bọ́ Sínú Omi Eérú

Lọ́dún tí owó epo ń pa àwọn ará Èkó bí ọtí, àga igi di ohun ìtìjú. Àga onítìmùtìmù ni gbogbo ayé ń rà. Àjàmú, káfíńtà ní Ìsọlọ̀, kò bá wọn yọ̀ o. Bí o bá ní o fẹ́ da àga bàbá rẹ nù, èébú ni wàá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn nígbà tí Olúfọlákẹ́, olùkọ́ kan ní Ire-Akari, gbé àga tí bàbá rẹ̀ kàn fún olóògbé ìyá rẹ̀ wá. Ọ̀rinrin ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan jẹrà.

"Ẹ̀gbọ́n, Sátidé ni bàbá ń bọ̀ láti Ìwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo bà á jẹ́." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Àjàmú búra pé ìrókò ni àga náà. Ṣùgbọ́n àwọn akọ́lé ti ra ìrókò tán, igi arère funfun ló rí fi gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun. Ó ra pọ́líìṣì méjì ní Bọ́ládé: ọ̀kan pupa bí epo, èkejì dúdú bí èédú, kò sí èyí tó bá àwọ̀ àga náà mu. Inú bí i, ó ju ẹsẹ̀ jíjẹrà náà sẹ́yìnkùlé. Inú omi eérú tí Fàósátù ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi se ọṣẹ ló bọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, Fàósátù figbe ta.

"Bàbá Mùnírù! Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ fi omi eérú mi ṣe!"

Igi ti yọ́ sínú omi, omi ti dà bí kòkó. Àjàmú ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára igi tí Fàósátù fi ń ro omi náà. Funfun ni lánàá. Lónìí, àwọ̀ àga gan-an ni! Ó sáré fi omi náà kun ẹsẹ̀ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ náà mú. Fàósátù fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Sátidé pé. Bàbá Olúfọlákẹ́ dé bí Àjàmú ṣe ń gbé àga náà wọlé fún un. Bàbá lóṣòó, ó fi èékánná ha ẹsẹ̀ tuntun. 

"Ta ló ṣe èyí?"

Àjàmú dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan igbe tí ìyàwó rẹ̀ ké.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Arère ni gbogbo rẹ̀, káfíńtà! Mi ò lówó ìrókò nígbà yẹn. Omi eérú ìyá ọmọ yìí ni mo bà jẹ́ láti fi kùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀."

Ó jókòó sórí àga náà, ó sì ń fọwọ́ pa apá àga jẹ́jẹ́.