Ẹjọ́ Àwọn Júù Tí Mo Rò Ní Ìkàrẹ́

Òórùn láfún tí wọ́n sá sórí àpáta ni mo fi ń mọ̀ pé a ti dé Ọ̀kà. Ibẹ̀ ni ìdílé bàbá mi wà, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ là ń gbé. Bàbá mi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, màmá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń jẹ ẹran iléyá, mo tún ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ayé gbádùn mọ́ mi jàre.

Àfìgbà tí tíṣà wa ní kí a ṣe dìbéètì lórí ilẹ̀ Palẹsítínì lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: ta ló ni ín, Júù tàbí Lárúbáwá? Èmi ni wọ́n ní kí n gbèjà àwọn Júù, wọ́n sì pe àwọn òbí wá wòran. Èmi, ọmọ Alàájì, níwájú àwọn ará mọ́ṣáláṣí bàbá mi? Mo ní mi ò lọ.

"Wàá lọ," ni bàbá mi wí. "Ṣé o ti rí bí a ṣe ń rojọ́ ilẹ̀ ní Ọ̀kà?"

Mo ti rí i. Bí ìjà ààlà bá dé agbo ilé wọn, o kò ní sọ tẹnu rẹ àfi tí o bá kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ẹnì kejì, tí òun náà sì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ní àtìgbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ti fi oko kan náà ṣèlérí fún ìdílé méjì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Nígbà tó kàn mí, mo ro ẹjọ́ àwọn Lárúbáwá: oko ólífì wọn, sàréè àwọn baba ńlá wọn, ìlérí tí òyìnbó ṣe fún wọn. Mo ń sọ ọ́ títí ọmọ tí a jọ ń díje fi mi orí pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo wá bọ́ sórí àwọn Júù tí wọ́n ń lé kiri ayé, tí wọ́n ń kọjú sí ilẹ̀ yẹn gbàdúrà láti ìrandíran, tí òyìnbó kan náà tún ṣèlérí fún. Àárín ẹ̀ ni mo wà tí agogo dún pé àkókò mi ti pé. Wọ́n nà wá nínú dìbéètì náà. Inú bí mi gan-an. Bàbá mi ní kí n parí ẹ̀ fún òun lójú ọ̀nà. Mò ń sunkún, mò ń rojọ́ àwọn Júù fún Alàájì títí a fi délé.

Mo ti dàgbà, ogun ibẹ̀ kò tíì tán. Ẹbí bàbá mi ń pè mí, ará ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi ń pè mí, kí n sọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà. Ọmọ ọjọ́ yẹn fẹ́ borí ni. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni du àtiborí mọ́. Ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ń bú ni mo máa ń kọ́kọ́ rò fún wọn. Àwọn kan a pa fóònù mọ́ mi létí. Mo máa ń pè wọ́n padà.