Ìgbà Tí Mo Jẹ́ Ìyá Ẹlẹ́ja

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún yẹn. Ó wọ inú irun mi, ó wọ aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ àárín bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, débi pé nígbà tí mo gbé e lọ fún ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, ó gbé e sún mọ́ imú, ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń dáná lórí ẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ṣàlàyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé lẹ́tà ni mo ń kọ, pé mo ń fi lẹ́tà ta ẹja fún àwọn tí mi ò fojú rí rí?

Mo ti ka ìwé mi tán ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti padà sílé àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti máa retí iṣẹ́ tí kò yọjú. Alhaja kan wà ládùúgbò wa tó ti ń ta gààrí àti ẹja yíyan láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun fi ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, Alhaja ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ímeèlì àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tí yóò máa kọ nǹkan sí wọn kí wọ́n má baà gbàgbé òun ni kò sí.

"Wọ́n ní o mọ̀wé kọ," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Kọ èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n ra ẹja."

Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo mọ̀ sínú rẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí ẹja ń ṣe nínú àgọ́ ara, mo sọ ìtàn bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń pẹja. Mo fi "Ìkéde Pàtàkì" ṣe àkọlé rẹ̀, mo sì jókòó bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Kọ̀ǹpútà máa ń fi ẹni tó ṣí lẹ́tà hàn àti ẹni tí kò ṣí i. Wọn ò ṣí i. Ẹnì kan péré ló fèsì, ó béèrè pé ta ló kú.

Bó ṣe rí fún bí oṣù kan nìyẹn, títí tí Alhaja fi ní kí n tẹ̀ lé dírẹ́bà lọ kó ẹja ní Èfìrè. Mo ti ń gbọ́ nípa apẹja tó ń kó ẹja fún wa, ṣùgbọ́n mi ò dé ibẹ̀ rí. A gba Ìbíadé kọjá, a dé etí ọ̀sà, mo sì rí àwọn obìnrin tó dúró ti iná, tí ojú wọn pọ́n, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà lórí wáyà. Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè dé ilẹ̀, kò kí mi, kò bi mí léèrè orúkọ, ohun tó kàn sọ ni, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó bu ẹ̀bà fún mi.

Nígbà tí mo padà délé, mo pa gbogbo ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ sí orí lẹ́tà pé, "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?" Mo kọ sínú rẹ̀ pé, "Ojú ṣì ń ta mí nítorí èéfín. Àárọ̀ yìí ni mo yí ẹja rẹ padà lórí iná, mo wá rántí rẹ. Níbi tó o wà yẹn, ta ló ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun?" Mo fi orúkọ sí ìsàlẹ̀: Ìyá Ẹlẹ́ja, Èfìrè.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sí ẹja kankan mọ́ nínú stọ́ọ̀. Alhaja wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Mo kà á.

"Ta ni ìyá yìí?"

"Kò sírú ẹ̀, mà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

"Súbúánálláhì," ni Alhaja wí. Ó jókòó. Ó tún dìde. "Ṣé ó máa kọ òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ó kọ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń kọ̀wé, bó sì ṣe ń kọ ni mo túbọ̀ ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, pé orúnkún ọ̀tún máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, pé inú máa ń bí i sí ẹni tó bá fi omi gbígbóná fọ ẹja yíyan pẹ́ jù. Mi ò jókòó ronú wọn o, wọ́n kàn ń wá ni. Ara mi ń yá gágá nígbà yẹn, mo sì rò pé mo ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Mo pàdé ẹlẹgbẹ́ mi kan lójú ọ̀nà, mo bi í pé, "Ṣé àlàáfíà lo wà, ọmọ mi?" Ó pòṣé, ó ní ọmọ mi kẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn oníbàárà ń fèsì. Wọ́n ń kí Ìyá, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe fi ẹja náà se ọbẹ̀, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn ní kúkúrú. Nínú wọn ni obìnrin kan wà tó ń gbé ìlú òyìnbó, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó kọ̀wé pé àwọn ìyá oníyàá lòun ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ìyá òun sì kú ní ilẹ̀ Yorùbá láìsí òun níbẹ̀. Bí òun bá ṣí páálí ẹja, ó ní òórùn ilé ìdáná ìyá òun ló máa ń jáde níbẹ̀. Mo fèsì sí i. Òun náà fèsì. Kí n tó mọ̀, ó ti ń sọ ohun tí kò sọ fún ẹlòmíràn fún Ìyá Ẹlẹ́ja.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀wé pé àwọn dókítà rí kókó kan nínú ikùn òun, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kí ó má sì pẹ́. Ó ní òun ò fẹ́. Orí iṣẹ́ abẹ ni ìyá òun kú sí, òun sì ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní la ikùn òun. Gbólóhùn tó fi parí lẹ́tà náà ni, "Mà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bí mi, kí lẹ máa ní kí n ṣe?"

Mo jókòó ti lẹ́tà yẹn láti àárọ̀ títí tí Alhaja fi kírun Àsárì. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, kò ní lọ. Bí mo bá dákẹ́, kò ní lọ. Bí mo bá sì ní kó lọ, tó kú síbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni mí? Ìgbà wo ni mo mọ ohunkóhun nípa ikùn èèyàn? Níkẹyìn mo kọ̀wé pé, "Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ. Ara ìyá rẹ kọ́ ni ara rẹ. Lọ, kó o sì bọ̀." Mo fi àdúrà tẹ̀ lé e, irú èyí tí ìyá mi máa ń gbà fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, mo sì tẹ bọ́tìnnì kí n má baà rí àyè yí ọkàn padà. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ ni mo tó rí i. Bí wọ́n ṣe tò ó sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo lẹ́tà tó bá jáde ló máa ń gbé ẹja sí ìsàlẹ̀. Lábẹ́ àdúrà mi gan-an, àwòrán ẹja àrọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú "Rà Á Báyìí".

Obìnrin náà ò fèsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá. Mi ò lè jẹun dáadáa. Ìyá Ẹlẹ́ja ò rí nǹkan kan sọ mọ́; mo ní kí Alhaja jẹ́ kí n sinmi, ó rò pé ibà ló ń ṣe mí. Ìgbà tí èsì máa dé, ó gùn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó ti padà sílé, dókítà sì sọ fún un pé bó bá pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Ó ní òun ń bọ̀ wálé. Òun fẹ́ wá kúnlẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ja.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sunkún, ẹ̀rù sì bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń pa mí lẹ́kún. Mo lọ ka gbogbo rẹ̀ fún Alhaja. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kò le. Apẹja wa ní ìyá. A ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, kó jẹ́ kí ọmọ náà kí i, kó ṣàdúrà fún un. Kí ló burú níbẹ̀?" Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ohun tó dára níbẹ̀.

A lọ sí Èfìrè. Ìyá apẹja náà ti darúgbó gan-an, ẹní ló ń hun lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja ṣàlàyé. Ìyá náà ò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

"Èmi ò yan ẹja rí," ó wí. "Èéfín ò bá mi lójú mu. Kí ni wọ́n ní mo sọ fún ọmọ náà?"

Mo ní ó pọ̀ díẹ̀, mà.

"Ka dede ẹ̀ fún mi," ó ní. Gbogbo rẹ̀ ló ní kí n kà; bí a ṣe ń wí i ní èdè ilé wa nìyẹn.

Mo ṣí fóònù, mo kà á fún un, láti orí "Ṣé o ti jẹun" títí dé orí àdúrà. Ibi àdúrà ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ẹní. Ó ní, "Àmín." Ó wá wò mí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí dáa. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Bó bá wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ta ló kúnlẹ̀ fún?"

Alhaja wo ilẹ̀. Ìyá náà tún fa koríko kan, ó fi hun ẹní rẹ̀ lọ.

Obìnrin náà dé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó tinrín ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ń fi ọwọ́ kan di ikùn mú bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kò tíì jókòó tó ti ń yọ nǹkan jáde nínú báàgì: ṣúwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ onírun, àti ìpara kan tó ní wọ́n ń fi pa orúnkún àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ òun. "Orúnkún ọ̀tún ni, àbí?" ó béèrè lọ́wọ́ mi. Alhaja ti la ẹnu láti sọ pé Ìyá rìnrìn àjò. Mo kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò sí Ìyá Ẹlẹ́ja. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀."

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó kàn ń wò mí ni, bí ẹni tó ń wá èèyàn mìíràn lójú mi.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó jókòó sórí páálí gààrí. Ó ní, "Bí mo bá mọ̀ pé ọmọdé bíi tìẹ ni, mi ò ní lọ. Ǹ bá sì ti kú. Kí ni kí n wá sọ fún ọ báyìí? Ṣé kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n ṣépè?" Ó tún ní, "Àdúrà tó o gbà fún mi yẹn, nígbà tó o kọ ọ́ tán, ṣé o ṣe àmín?"

Mo wá a nínú ọkàn mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo rántí bọ́tìnnì tí mo tẹ̀, mo rántí àwòrán ẹja, ṣùgbọ́n mi ò rántí bóyá mo ṣe àmín. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Ó mi orí. Alhaja gbé omi fún un, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sì wọ mọ́tò. Ó fi ìpara orúnkún náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì ò sì mọ ẹni tó ni ín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sọ fún Alhaja pé mo fẹ́ kọ̀wé sí gbogbo àwọn oníbàárà, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Mo rò pé ó máa lé mi lọ. Ó ní, "Kọ ọ́. Èmi náà ò sùn dáadáa mọ́." Àwọn kan bú wa, ọ̀pọ̀ ò rà mọ́, àwọn kan sì ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé ọmọdé ló ń kọ ọ́, pé kò sí ìyá àgbà tó lè máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ báyẹn.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Mo ṣì ń kọ lẹ́tà fún Alhaja, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀, n kì í sì í pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ mi mọ́. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí èèyàn fi ń ra ọjà, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, kí n tó rí i pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó gba ẹ̀mí obìnrin kan là ni mo fi ta ẹja. Irọ́ sì ni.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ tí obìnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù wa lọ, orúkọ rẹ̀ jáde lójijì láàárín àwọn tó rajà. Ẹja márùn-ún ló fẹ́. Ní ibi tí oníbàárà lè kọ nǹkan sí, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má kọ lẹ́tà sí mi." Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí mò ń kọ̀wé sí, mo fi ọwọ́ ara mi ṣa ẹja náà, mo sì dì í. Láti ìgbà náà, ó ń rà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, márùn-ún, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí, tàbí ẹja náà ló kàn dùn.