Orúkọ Ṣáájú Ìkọlà

Nígbà tí ọmọkùnrin tí àbúrò mi obìnrin bí pé ọjọ́ mẹ́jọ, èmi ni wọ́n rán sí Bantè pé kí n lọ gbé olólà wá sí Savalou, nílé ọkọ rẹ̀. Àgbàlagbà Mùsùlùmí ni olólà náà. Òun ló kọ ilà abẹ́ fún èmi alára. Ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù mi, ó ń pariwo sí mi létí nínú afẹ́fẹ́: "Ṣé Kìrìsìtẹ́nì náà ń ka ọjọ́ kẹjọ ni?"

Mo ní bàbá ọkọ àbúrò mi ló ń kà á.

Katekísìtì ni bàbá náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àbúrò mi sì wà lára àwọn tó kọ́ kó tó di ìyàwó ilé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé rẹ̀ ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń kọ ọmọkùnrin nílà, ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Jésù," ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé ojú ọmọ ti pupa rúsúrúsú láti ọjọ́ kẹrin, àti pé nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n má tíì kọ ọ́ nílà. Àbúrò mi ti sọ fún ọkọ rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé lọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ lójú bàbá rẹ̀. "Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe," ló wí fún mi, ó ń wolẹ̀.

Olólà gbé ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó tẹ awọ àyà rẹ̀, ó sì gbé e padà fún ìyá rẹ̀.

"Mi ò ní kọ èyí nílà lónìí. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ báyìí kì í tètè dá."

"Àwọn èèyàn ti jókòó," ni katekísìtì wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun."

Ìyá ọkọ dá sí i: "Iṣu ti jinná. Ẹni tí ò bá jẹ, kó wí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, a ó dúró. Tára rẹ̀ bá yá, a ó ṣe méjèèjì pọ̀. Kò ní lórúkọ títí dìgbà náà."

Mo wo àbúrò mi. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì sin ín láìlórúkọ. Ó ti sọ fún mi rí pé tí òun bá fẹ́ gbàdúrà nítorí ọmọ yẹn, òun kì í mọ ẹni tí òun ó pè. Ó kúnlẹ̀ tòun tọmọ lápá.

"Bàbá, ẹ dákun. Ìgbà wo ni áńgẹ́lì sọ orúkọ Jésù?"

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Bàbá fa Ìwé Mímọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Kí ìyá rẹ̀ tó lóyún."

"Ábúráhámù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un ní orúkọ tuntun, kó tó ní kó kọlà?"

"Ẹ gbọ́ o, ìyàwó ń bá bàbá ọkọ jiyàn!" ni ìyá arúgbó kan wí.

"Ẹni tó kọ́ ọ ló ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá ọkọ fèsì.

Bàbá ṣí Ìwé Mímọ́, ó fi ìka tọ ìlà tó sọ ti Ábúráhámù lẹ́ẹ̀mejì. "Ó wà níbẹ̀," ló wí. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó wọ́n ọn sí ọmọ náà lórí, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ketekete, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́.

Mo bi bàbá lẹ́yìn náà bóyá ìkọlà kò nítumọ̀ mọ́ nìyẹn. "Ó ní," ló wí. "A ó ṣì kọ ọ́ nílà. Àmì májẹ̀mú ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti ń pe èèyàn kó tó fi àmì sí i lára."

Lọ́sàn-án, mo gbé ìyá àtọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì mú káàdì, ó béèrè orúkọ. Àbúrò mi sọ ọ́, ó sì dúró ti nọ́ọ̀sì títí tó fi kọ ọ́ tán.