Eérú Ilé Torcall

Apaná ni wọ́n ń pe ìdílé Oighrig. Wọn kì í pè é sí i létí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé erékùṣù wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí onílẹ̀ fẹ́ lé èèyàn kúrò kó lè da àgùntàn síbẹ̀, ó rán ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí abúlé Bàgh Liath láàárọ̀ kùtù. Omi ni wọ́n dà sí iná ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wó òrùlé. Lọ́dọ̀ wa, iná kì í kú. Obìnrin ilé á to irà gbígbẹ mẹ́ta, ìṣù ilẹ̀ àbàtà tí a fi ń dáná, á fi eérú bò ó lálẹ́ lórúkọ Mẹ́talọ́kan, á tú u láàárọ̀, ọmọ á sì gbà á lọ́wọ́ ìyá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èéfín ń rú lórí gbogbo ilé àyàfi ilé Torcall, baba ńlá Oighrig. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Ni wọ́n bá ní Torcall gbàbọ̀dè, pé ó bá ajẹ́lẹ̀ mulẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná.

Ruairidh apẹja fẹ́ fẹ́ Oighrig nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ìyá Ruairidh ní, "Ọmọ Apaná ò ní tú iná ní ààrò mi láé." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Oighrig ò bímọ, kò lọ́kọ. Èmi tí mo ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ iná bò tó o, inú sì ń bí mi dòní.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé Bàgh Liath, Oighrig bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to òkúta.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ fẹ́ tún ilé òkú ṣe?"

Marsaili, ọ̀gá wọn, rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ìyá mi náà sọ nìyẹn, mà."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kan ilé Torcall, Oighrig ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun wá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀," mo ní.

"Kí n wá gbé orúkọ yẹn wọ sàréè? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí n kúkú fojú ara mi rí i."

Ìdajì abúlé wa ti pé síbẹ̀, Ruairidh náà wà láàárín wọn. Nínú àwọn ilé yòókù, eérú ti dì gbagidi níbi tí omi ti bà á. Marsaili ká koríko òrùlé tó wó lulẹ̀ kúrò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a díẹ̀díẹ̀. Eérú ibí kúnná, wọ́n wa á jọ dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀, irà mẹ́ta wà, dúdú, wọ́n forí kanra.

"Omi ò dé ibí rárá, mà," Marsaili wí. "Òrùlé ló wó bò ó."

Oighrig bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Wọn ò pa á. Wọ́n bò ó ni, bí ẹni tó ń padà bọ̀ láàárọ̀."

Ibi tí wọ́n sáré lọ, a ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń rọbí ni wọ́n lọ bá, ó lè jẹ́ aláìsàn. Iná tí a bò kì í rú èéfín, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn èèyàn ìgbà náà ò tó onílẹ̀, Torcall lọ́wọ́ wọn tó.

Ruairidh sún mọ́ ọn. "Oighrig, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ọjọ́ tó bá a, eyín ti ká lẹ́nu mi."

"Ìyá mi ṣẹ̀ ọ́."

"Ìyá ẹ ti kú. Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ fún un lọ́jọ́ náà?"

Ruairidh ń yí fìlà lọ́wọ́. "N ò sọ nǹkan kan."

"Ohun tí mo gbọ́ náà nìyẹn."

Ó di apá mi mú, a kọrí sílé. Nígbà tí a dé etí odò, ó bú sẹ́kún. N ò ní kó má sunkún.